Ìyẹ̀fun Tí Ó Wú Lórí Ibùsùn Don Liborio

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, kò sí ẹnì kan tí ó bi mí léèrè rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo fi fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Gbogbo ọdún Àjíǹde ni mo ń lọ bá Fadá jẹ́wọ́, tí mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ, ìbínú, ìlara, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, tí mo sì ń fo èyí dá bí ẹni tí ń fo kòtò tí ó ti mọ ibi tí ó wà. Dókítà ti sọ fún Liborio ọmọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé n kò ní í rí Kérésì. Wọ́n rò pé mo ń sùn. Nítorí náà, ẹ jókòó. Liborio, síbi ẹsẹ̀ mi. Tecla, ọmọ ọmọ mi, dúró síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Oliva, àbúrò ọkọ mi, ìwọ tí o fi ẹni ọgọ́rin ọdún wọ ọkọ̀ láti Trapani wá nítorí pé wọ́n ní mo ń kú lọ, ìwọ ni mo fẹ́ kí ó súnmọ́ mi jù lọ, ìwọ náà ni ẹ̀rù rẹ sì ń bà mí jù lọ. Nígbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, bóyá ni àánú mi yóò ṣẹ́ kù lójú rẹ.

Tecla ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí jáde, òun alára kò sì mọ̀. Lánàá, mo rí i tí ó gbé páànù písà rẹ̀ wọ yàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Kí ìyẹ̀fun tí ó pò lè wú, ó tan ẹ̀rọ gáàsì tí ń mú ilé gbóná, ó pa fèrèsé dé, ó sì ká tówẹ́ẹ̀lì dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni, Màmá Àgbà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ìyẹ̀fun kórìíra atẹ́gùn ju bí ológbò ṣe kórìíra omi lọ." Òtítọ́ ni, èmi ni mo sọ ọ́. Mo kọ́ ọ ní ìdajì, mo sì fi ìdajì tí ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là pamọ́, nítorí pé bí mo bá ní kí ó ṣí fèrèsé, yóò bi mí ní ìdí rẹ̀. Mo fi ọ̀pá mi gbá páànù náà ṣubú, mo sì bú sẹ́kún. Gbogbo yín rò pé mo ti ń ṣarán. N kò ṣarán. Mo rí ohun tí mo ti rí rí.

Oṣù kẹjọ mi nìyí nínú ilé àwọn ọkọ mi ní àdúgbò Capo, nígbà tí ọjọ́ tí ó ṣíwájú àjọ̀dún Màríà Aláìlábàwọ́n dé. Ẹni ọdún méjìlélógún ni mí. Ẹ mọ̀ pé kò sí ilé kan nílùú Palermo tí kì í yan písà lọ́jọ́ náà, èyí tí ó nípọn bí ìrọ̀rí, tí à ń pè ní sfincione, tí àlùbọ́sà àti ẹja oníyọ̀ àti ẹ̀rún búrẹ́dì bo ojú rẹ̀. Donna Gesualda, ìyá ọkọ mi, pè mí sí ilé ìdáná kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin gíga tí ó gbẹ bí àbẹ́là ni, kì í sì í gbé ohùn sókè, nítorí pé kò nílò rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ ni písà wà lọ́dún yìí." Mo ní, "Ẹ súre fún mi, Màmá." Ó ní, "Ìyẹ̀fun ló máa súre fún ọ, kì í ṣe èmi. Èèyàn méjìlélógún ló ń bọ̀ wá jẹun nírọ̀lẹ́. Bó bá wú, o ti dọmọ ilé nìyẹn. Bí ò bá wú, gbogbo Capo á gbọ́ pé obìnrin ọlọ́wọ́ tútù ni Gaspare gbé wálé." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú padà. Ó ní, "Bó o bá máa lo àwo iná, orí bákónì ni kó o ti finá sí i, títí gbogbo èédú ẹ̀ á fi funfun. Bí dúdú bá kù nínú ẹ̀, má gbé e wọlé. Bó o bá sì gbé e wọlé, kí fèrèsé ṣí níwọ̀n ìka kan. Ṣó o gbọ́?" Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Mo gbọ́.

Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́ létí, n kò gbọ́ ti ọwọ́ mi. Omi tútù ni mo fi po ìwúkàrà, mo sì da iyọ̀ lé e lórí gan-an, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá kò jẹ́ ṣe nílé ìyá mi. Títí agogo ọ̀sán fi lù, ìyẹ̀fun náà dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ sínú páànù. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka náà wà níbẹ̀ bí ojú ọgbẹ́. Oliva, o yọ sí mi lẹ́yìn, ìwọ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ, o ní, "Ìyàwó wa, ṣé ó sùn ni àbí ó ti kú? Ṣé kí n sáré pe Fadá kó wá ta òróró sí i lórí?" Mo ní, "Oliva, jọ̀ọ́. Màmá á pa mí." O ní, "Màmá ò ní pa ọ́. Ó kàn máa wò ọ́ ni. Kó o máa bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú pa ọ́." A rẹ́rìn-ín. Ìgbà ìkẹyìn tí mo rẹ́rìn-ín tí kò sí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá ọkọ mi, Don Liborio, jẹun ọ̀sán tán, ó wá bá wa. Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe àìsàn fún ọdún méjì, bí ó bá sì gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, yóò dúró bí ẹni tí ó ń wo nǹkan, kí a má baà mọ̀ pé èémí ni ó ń wá. Òun nìkan ni ó máa ń pe orúkọ mi nínú ilé náà; ìyàwó ni àwọn tó kù ń pè mí. Ó ní, "Ninfa, kí ló dé tẹ́ ẹ yí páànù ká bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú?" Mo ní, "Bàbá, kò wú." Ó ní, "Gbé e wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kó o fi kúbùsù bò ó. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń sùn ti Gesualda, òun ò tíì móoru. Bóyá eléyìí á gbọ́ tèmi." Oliva, o ní, "Bàbá, Màmá á gbọ́ o." Ó ní, "Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹni mímọ́ ló ń forí gbá a lónìí, èmi ti gbàsinmi."

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ Oliva gbé ìgò oògùn ọkàn rẹ̀ dání, o dúró síbi fèrèsé, o sì ń kán oògùn náà sínú omi, o ń kà á sókè. Ó ní, "O ti fo ẹ̀kán kẹfà." O ní, "N ò fò ó, Bàbá." Ó ní, "O fò ó. Saverio àfẹ́sọ́nà rẹ ló gba ojú rẹ." O ní, "Bàbá, bẹ́ ẹ bá tún dárúkọ Saverio, màá ṣe é ní ogún kẹ́ ẹ lè sùn dọ́la." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Eré ni. Bàbá àti ọmọ ni ó ń ṣeré. Ẹ fetí sílẹ̀ o, Liborio, Tecla, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: ẹ̀kán mẹ́wàá ni. Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo gbé páànù lọ́wọ́, mo sì ń bá a kà á nínú mi. Mẹ́wàá géérégé. Kò lé, kò dín.

O gun orí òrùlé lọ láti dúró ti aṣọ tí a sá, kí o máa kó wọn bí wọ́n ti ń gbẹ, nítorí pé atẹ́gùn ti dìde. Mo tẹ́ páànù náà sí ẹ̀gbẹ́ Don Liborio, mo fi kúbùsù onírun méjì bò wọ́n pọ̀. Ó ní, "Ṣé ká sọ ọ́ lórúkọ?" Kò pẹ́ tí ó fi sùn. Nígbà tí agogo méjì lù, mo ṣí kúbùsù wò. Kò sí ohun kan. Ìyẹ̀fun náà kò mira. Mo rántí ènìyàn méjìlélógún. Mo rántí ojú Donna Gesualda. Mo jáde sí bákónì, níbi tí mo ti finá sí àwo iná onídẹ náà. Èédú orí rẹ̀ ti funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ dúdú, ahọ́n iná aláwọ̀ búlúù kéékèèké sì ń yọ lójú rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí a bí nílé oníná èédú ni ó mọ ohun tí búlúù yẹn túmọ̀ sí. Èéfín májèlé rẹ̀ kì í rùn, kì í hàn, kì í ta ni lójú. Ó kàn ń sùn ti ẹni tí ó sùn ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Mo gbé e wọlé. Mo gbé e sí ẹsẹ̀ ibùsùn, mo pa fèrèsé dé, mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn, mo sì bọ́ ìborùn mi, mo fi dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gba ibẹ̀ wọlé. Mo sọ fún ara mi pé ìdajì wákàtí péré ni.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo ń gé àlùbọ́sà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń sọ fún ọkàn mi pé mo gbàgbé. N kò gbàgbé. Ìgbà mẹ́ta ni mo rántí. Nígbà àkọ́kọ́, àlùbọ́sà kò tíì rọ̀, mo ní kí n jẹ́ kí ó rọ̀. Nígbà kejì, mo ti da tòmátì sí i, mo ní ìyẹ̀fun ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìgbóná báyìí, kí n má dí i lọ́wọ́. Nígbà kẹta, mo dúró, ṣíbí lọ́wọ́, mo ń tẹ́tí. Ilé náà pa lọ́lọ́. Mo sọ pé, "Ó ń sùn ni." Mo sọ ọ́ sókè, èmi nìkan. Mo tún ro ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ.

Ilẹ̀kùn gbóná nígbà tí mo fọwọ́ kàn án. Mo ṣí i, ooru dà lù mí, orí mi fò, iwájú mi ṣókùnkùn, mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ wò, nítorí pé ó tó ìdájọ́ lọ́tọ̀. Ìyẹ̀fun ni mo kọ́kọ́ wò. Ó ti wú. Ó ti wú fùkẹ̀, ó ti kún páànù dé etí, ó ti ti kúbùsù sókè. Inú mi dùn. Mo dúró nínú yàrá yẹn, inú mi sì dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi mí kan. Lẹ́yìn náà ni mo wo ojú Don Liborio. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ọmọdé tí ó ti sáré wálé. Mo pè é, "Bàbá." Mo tún pè é. Ó ti kú.

Ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ tí wọ́n ní ó tutù yẹn, kò tutù lọ́jọ́ náà. Ó gbé páànù jáde. Ó gbé àwo iná padà sí bákónì. Ó ká ìborùn nílẹ̀. Ó ṣí fèrèsé gbayawu títí òtútù fi gba yàrá, ó sì tún pa á dé. Nígbà náà ni mo rí ìgò oògùn lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ kẹta rèé tí a rà á. Ó ṣì kún dé ọrùn. Mo ronú pé wọn yóò béèrè ohun tí ó pa á. Mo ronú pé bí wọn kò bá rí ìdáhùn, wọn yóò wo ẹsẹ̀ ibùsùn, wọn yóò rí ibi tí àwo iná ti sàmì sí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbé ìgò náà lọ sí ibi ìfọwọ́, mo da ìdajì rẹ̀ nù, mo fọ ibẹ̀, mo sì dá a padà síbi tí ó wà. Kì í ṣe èṣù ni ó ṣe é. Ẹ má ṣe bá mi wá ẹlẹ́ṣẹ̀ mìíràn. Èmi Ninfa ni.

Mo da ọbẹ̀ sójú ìyẹ̀fun náà, mo to ẹja oníyọ̀ sí i, mo rẹ́ wàràkàṣì sí i, mo wọ́n ẹ̀rún búrẹ́dì lé e lórí, mo ti páànù bọ ààrò. Donna Gesualda wọlé bí òórùn rẹ̀ ṣe gba ilé kan. Ó ṣí ààrò, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo ti sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí ọ láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ ò tutù, ọmọ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó pè mí ní ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Lọ jí Bàbá ẹ kó wá wò ó." Oliva, o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí òrùlé, agbọ̀n aṣọ wà ní ìbàdí rẹ. Mo sì yíjú sí ọ, mo ní, "Oliva, bá mi jí Bàbá, ọwọ́ mi ò mọ́." O gbé agbọ̀n sílẹ̀, o ń fi ohùn orin pè é lọ. Igbe rẹ ni a gbọ́.

Dókítà tí wọ́n pè wò ó, ó ní ọkàn ni, ṣùgbọ́n pípọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kò yé òun tó. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ìgò oògùn, ó mì í, ó sì wo ojú Donna Gesualda. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní, "Oliva, ẹ̀kán mélòó?" O ní, "Mẹ́wàá, Màmá." Ó ní, "Mo ní mélòó?" O ní, "Mẹ́wàá ni. Bàbá gan-an bá mi kà á." Ó ní, "Bàbá rẹ ti kú. Ta ló tún wà níbẹ̀?" O wò mí. Mo rí i bí ara ṣe tù ọ́ bí o ti rí mi. O ní, "Ninfa wà níbẹ̀. Ẹ bi Ninfa." Gbogbo ilé yíjú sí mi. Mo sì fi ẹnu mi yìí sọ pé, "Ìyẹ̀fun ni mo ń bójú tó, Màmá. N ò fọkàn sí i."

Ẹ mọ̀ pé ilé ọ̀fọ̀ kì í dáná. Àwọn aládùúgbò ni ó ń gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n písà ti jinná kí ọ̀fọ̀ tó wọlé, Donna Gesualda sì ní kí a gé e fún àwọn tí ó wá kí wa. Wọ́n jókòó yí òkú ká, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ìyá arúgbó kan fọwọ́ kàn mí lápá, ó ní, "Ta ló po èyí? Ó fúyẹ́ bí òwú." Wọ́n fún èmi náà ní èyí tí ó wà ní igun páànù, tí etí rẹ̀ gan, ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń du. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo bẹ̀rù pé bí mo bá ṣẹ́ kù, ẹnì kan yóò béèrè ìdí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá Saverio wá dá aṣọ ìgbéyàwó padà. Ó ní, "A ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ka oògùn fún bàbá tí bàbá fi sùn tí kò jí, a ò lè ní kó máa bu ọbẹ̀ fún ọmọ wa." Màmá kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, Oliva, títí ó fi wọ ilẹ̀. Wọ́n fi ọ́ ránṣẹ́ sí ilé àwọn Sísítà ní Trapani, o fi ogójì ọdún lọ aṣọ pẹpẹ. O máa ń kọ̀wé sí mi ní gbogbo àjọ̀dún pé, "Ninfa, ìwọ nìkan ló rántí mi nínú ilé yẹn." Mo rántí rẹ, òtítọ́ ni. Mo ń dáhùn ìwé rẹ kí n lè mọ̀ bóyá o ti ń fura. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin, àṣà wa ní kí ó jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá pè é wá jẹun, òkú ni mo ń pè. Nígbà tí a sin Gaspare ọkọ mi, o wá, o jókòó tì mí, o ní, "Ó lè jẹ́ pé méjìlá ni mo kà, Ninfa. Mo ti kà á kà á lórí mi, kò yé mi mọ́. Ó lè jẹ́ pé Saverio ló gba ojú mi lóòótọ́." Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá tú ọ sílẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀." O sì fi ẹnu ko ọwọ́ mi.

Tecla, fún mi ní omi. Má sunkún, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Mo tún ti purọ́ láàárín ìjẹ́wọ́ yìí, lórí ibùsùn ikú, nítorí pé ahọ́n mi ti mọ ojú kòtò náà jù. Mo ní Don Liborio ti kú nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn. Kò tíì kú. Ó ń mí. Èémí náà jìnnà síra wọn, ó dàbí ti ẹni tí ó wà lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n ó ń mí. Bí mo bá ti ṣí fèrèsé lẹ́sẹ̀ kan náà, bí mo bá ti fà á jáde sí bákónì, bí mo bá ti ké, bóyá ì bá yè. Bóyá kì bá yè. "Bóyá" yìí ni mo ti ń bá sùn láti ìgbà náà. Mo gbé ìyẹ̀fun jáde kí n tó gbé ènìyàn. Mo padà wá gbé iná. Mo padà wá mú ìborùn. Nígbà kẹrin tí mo wọlé ni mo wá fún un, kò sì sí èémí mọ́.

Kí lo wí, Oliva? Sọ ọ́ sókè díẹ̀, etí mi ti di. O ní ṣé ó sọ̀rọ̀.

Mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti àárọ̀ pé kí o má béèrè èyí. Ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo gbé páànù kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó la ojú rẹ̀ kan. N kò mọ̀ bóyá ó rí mi. Ó ní, "Oliva." Ó tún ní, "Oliva." Ọ̀rọ̀ méjì náà nìyẹn. O wà lórí òrùlé, lókè orí wa gan-an. Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń ju igi tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fèrèsé bá ṣí, ìwọ náà ì bá gbọ́ ọ. Mo gbé páànù lé ìbàdí, mo jáde, mo sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn mi, kí o má baà gbọ́. Ìyẹn ni ó burú jù. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Liborio, jókòó. Má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá fẹ́ dìde, jẹ́ kí ó dìde. Mú ìwé, kí o kọ ohun tí mo sọ, kí n fọwọ́ sí i, kí o sì kà á lọ́la nígbà tí gbogbo ẹbí bá pé, níwájú àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n jẹ nínú písà náà: ẹ̀kán mẹ́wàá ni Oliva kà. Tecla, ìwọ ṣì kéré, gbọ́ èyí. Nígbà tí ohun tí o ṣe bá dẹ́rù bà ọ́, ké kí o tó gbé ohunkóhun, kí o tó nu ohunkóhun, kí o tó ro ohun tí àwọn ènìyàn yóò wí. Ìtìjú tí mo sá fún lọ́jọ́ náà, ọ̀sẹ̀ kan ni ì bá gbà. Màmá ì bá wò mí, àdúgbò ì bá rẹ́rìn-ín, kí n sì tún po òmíràn lọ́dún tí ó tẹ̀lé e.

Oliva, o ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ. N kò lè dìde dí ọ lọ́nà. Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ikú. Don Liborio ni mo ń bẹ̀rù. Orúkọ rẹ ni ó pè gbẹ̀yìn, ó dájú pé òun ni yóò kọ́kọ́ bi mí léèrè, n kò sì mọ ohun tí n ó sọ pé mo fi ọmọ rẹ̀ ṣe. Dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe, sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí n gbé e dání lọ. Sọ èyíkéyìí tí ó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì jáde.